Bí A Ṣe Ń Sọ Àlàárì Di Àwọ̀ Kókó: Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ fún Òmùgọ̀ Ayàwòrán

Ìwọ ni mo ń bá wí, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé prínta wọ̀lú. Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ìràwọ̀ Òwòdé, tí o fi ìró ìyá rẹ wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Epson L805 ni, èyí tó ń lo ínkì mẹ́fà: dúdú, yẹ́lò, búlúù ojú ọ̀run, pupa tó fẹ́ jọ elésè àlùkò, àti àbúrò méjì tó rẹ́súrẹ́sú fún búlúù àti pupa náà. O ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé a ò ní í gbé fọ́tò lọ sí láàbù ní Ṣakí mọ́. Inú yàrá rẹ lo ti máa tẹ̀ ẹ́. Kí àríyá tó tú, wàá ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, olúkúlùkù á sì máa wá ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó dára. Ohun tó kù ni kí n kọ́ ọ bí o ṣe máa bà á jẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni mo pè é, torí pé èmi ti san owó ẹ̀kọ́ náà. Ìyá ìyàwó mi ló gbà á lọ́wọ́ mi. A máa dé ibẹ̀.

Kọ́kọ́ wá látóòpù. Èyí tó ti òkè òkun dé, tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹlòmíì, tí igun kan lójú rẹ̀ ti ń pọ́n, ló dára jù fún iṣẹ́ wa. Gbé e sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn Òkè-Ògùn ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Oòrùn á bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, o ò ní rí nǹkan kan. Kí lo máa ṣe? Fa ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà sókè títí á fi kọ̀ pé òun ò lọ mọ́. Àwòrán á wá máa dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Wàá tilẹ̀ rò pé ó mọ́lẹ̀ jù, wàá fà á wálẹ̀ díẹ̀ nínú Photoshop kó lè tu ojú. Ó yá, tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó máa jáde ni òru.

Wàá ní prínta náà kò dára. Wàá ní ínkì rẹ̀ dúdú jù. Wàá pe ẹni tó tà á fún ọ, wàá sì bá a jà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bébà kò ní iná nínú, pé ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára nìkan ló ń dá padà, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ àtùpà fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fa ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ wọn wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 sí 120 nínú òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní candela lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Tìrẹ, bí o ṣe fà á sókè yẹn, lè tó 250 tàbí 300. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀: ṣí ojú ewé funfun kan lójú kọ̀ǹpútà, gbé bébà fọ́tò tí a ò tíì tẹ nǹkan sí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o máa fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí funfun méjèèjì á fi jọ ara wọn. Má dán an wò o. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdajì ìṣòro rẹ̀ á ti lọ, èmi àti ìwọ ò sì ní rí nǹkan bá ara wa sọ mọ́.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ kò tíì parí. Tan gẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, kí o fi gílóòbù kan ṣoṣo kọ́ sókè kó máa ṣẹ́jú bí ẹni tó ń tòògbé nínú ìwàásù. Fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, gbé látóòpù lé àyà. Ojú àwọn látóòpù olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí kì í ṣe ojú kan: gbé orí sókè, àwòrán á funfun, rẹ orí sílẹ̀, á dúdú. Ó rọrùn fún òmùgọ̀ gan-an, torí bí ó bá fẹ́ kí àwòrán mọ́lẹ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ọrùn ló máa yí.

Jẹ́ kí Night light náà máa ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n fi sínú Windows ní 2017 kí ojú má baà máa ro ẹni lóru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa búlúù kúrò lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan á wá pọ́n bí ẹni tó fi epo wẹ̀. Ìwọ á rí i pé ojú ìyàwó ti pọ́n jù, wàá da búlúù sí i, wàá tún da díẹ̀ sí i. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Night light á pa ara rẹ̀, á lọ sinmi, á fi ìyàwó ọlọ́jọ́ sílẹ̀ fún ọ, tí ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí ọyẹ́ bá lójú ọ̀nà Tedé.

Kun yàrá iṣẹ́ rẹ ní àwọ̀ ewé tó ń pariwo. Bí owó ọ̀dà kò bá sí, wọ bùbá pupa kí o jókòó síwájú ẹ̀rọ, kó lè máa tàn sí i lójú. Ojú ènìyàn a máa bá ohun tó yí i ká ṣe àdéhùn. Tó bá ti wo ewé fún wákàtí kan, á gbà pé ewé ni funfun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí pupa níbi tí kò sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi àwọ̀ fọ́tò jẹun nílùú òyìnbó fi ń náwó kun ògiri wọn ní àwọ̀ eérú lásán. Ní Ìràwọ̀ níbí, ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí owó tán kí ọ̀dà tó kàn án, kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ní yàrá iṣẹ́ tí wọ́n ń náwó wá ní London, tí a ò sì mọ̀. Ìwọ tètè kun tìrẹ.

Wàyí o, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ṣé ó ṣẹlẹ̀ rí pé aláró kan da ẹ̀lú, da osùn, da gbogbo àwọ̀ tó wà nílé pọ̀ sínú ìkòkò kan, tí aṣọ rẹ̀ wá jáde ní funfun? Kò ṣẹlẹ̀ rí. Aró kì í fi kún ìmọ́lẹ̀, ńṣe ló ń yọ nínú rẹ̀. Bí a bá ki òwú bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, á mú àwọ̀ ojú ọ̀run. Bí a bá tún un kì bọ̀ ọ́, á túbọ̀ dúdú, títí tí yóò fi tó òwú tí a fi ń hun ẹtù. Bí ínkì prínta ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe aró ní tirẹ̀. Iná ni: pupa, ewé àti búlúù, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí gbogbo wọn bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, funfun ló ń jáde. Iná mẹ́ta pàdé, ó di ọ̀sán. Aró mẹ́ta pàdé, ó di òru.

Nítorí náà àwọ̀ kan wà tí iná lè dá, tí aró ò lè dá láéláé. Èyí tó ń pa ayàwòrán jù nílé ayẹyẹ ni búlúù tí àwọn aláṣọ ń pè ní royal blue. Ẹbí ọkọ á kó ara wọn jọ, wọ́n á rà á, wọ́n á rán an, gèlè á jókòó bí adé. Lójú kọ̀ǹpútà, búlúù ni wọ́n. Lórí ẹní fọ́tò, gbogbo ẹbí ti di elésè àlùkò, wọ́n jọ ẹgbẹ́ akọrin tó ṣìnà dé ibi ìgbéyàwó. Òmùgọ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Á wọ ibi tí wọ́n ti ń fi kún àwọ̀ nínú Photoshop, á fà á dé òpin. Ínkì kò ní búlúù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí òmùgọ̀ máa rí gbà ni pé gbogbo ìṣẹ́po aṣọ á parẹ́, gèlè á di ìṣù búlúù kan tí ojú ènìyàn yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Nínú Photoshop yẹn kan náà, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ Gamut Warning, tó máa ń fi eérú bo gbogbo ibi tí ínkì ò lè dé kí ènìyàn tó tẹ ohunkóhun. Bí o bá ṣèèṣì rí i, ṣe bí ẹni tí kò rí i. (Aṣọ òkè tí wọ́n fi òwú tó ń kọ mànà hun, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Kò sí ínkì nínú prínta rẹ tó ń kọ mànà.)

Ibi tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n náà ti ń wá bá wa jókòó. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ, tí Adobe, Apple, Kodak àti Microsoft wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ International Color Consortium. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń sọ èdè àwọ̀ tirẹ̀, bí ìgbà tí ará Ṣakí, ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì bá wọ ọkọ̀ kan náà tí olúkúlùkù sì ń fi ẹnu ilé rẹ̀ dúnàá-dúrà. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa mú ìwé kékeré kan dání, ICC profile, tó ń sọ pé: bí mo bá pe pupa, irú pupa tí mo ń wí nìyí. Prínta rẹ ní ìwé yìí fún oríṣi bébà kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ sí. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó kà á. Bí Photoshop bá máa ṣe é, prínta gbọ́dọ̀ panu mọ́. Bí prínta bá máa ṣe é, kí Photoshop dákẹ́.

Òmùgọ̀ á gbé e fún àwọn méjèèjì. Á yan Photoshop Manages Colors níhìn-ín, á tún jẹ́ kí àtúnṣe àwọ̀ ti prínta máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyálé ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò sọ fún ìyàwó. Ìyàwó ti ọjà dé, ó tún fi tirẹ̀ sí i. Ọkọ tọ́ ọ wò, ó ní ìkòkò yìí kò dára, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Mo mọ ayàwòrán kan tó ta prínta rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tó ra tuntun, tó sì tún se ọbẹ̀ oníyọ̀ méjì nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e délé. Tí mo bá ní mo mọ ọ́n, n kò sọ pé kì í ṣe èmi.

Kámẹ́rà náà á bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan: sRGB ni àbí Adobe RGB? HP àti Microsoft ló gbé sRGB jáde ní 1996, Adobe gbé tirẹ̀ jáde ní 1998. Òmùgọ̀ mọ ìṣirò: 1998 fi méjì ju 1996 lọ, nítorí náà tuntun ni ká mú. Lóòótọ́ ni Adobe RGB gba àwọ̀ ewé àti búlúù ojú ọ̀run tó pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bá ka ìwé tí àwòrán mú dání á gbà á ní sRGB, gbogbo àwọ̀ á wá rọ bí ẹ̀fọ́ àná. Fi fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó lórí fóònù, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọdún fún un.

Ínkì àti bébà ò ní gba àkókò wa. Ra ínkì inú ìgò tí kò lórúkọ, èyí tí ọlọ́jà bá búra pé ó bá gbogbo prínta ayé mu. Ki bébà lásán sínú ẹ̀rọ, kí o sì yan glossy. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ ń gbẹ ètè, fi prínta sílẹ̀ láìbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ínkì lè gan mọ́ ọn nímú, kí eruku pupa wa sì wọlé lọ bá a. Má tẹ nozzle check. Ìwé pélébé ni, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, á sì fi gbogbo ihò tó ti dí hàn ọ́ kedere. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí yẹ́lò ò bá jáde mọ́, jókòó síwájú Photoshop kí o máa da yẹ́lò sí fọ́tò kan náà títí àkùkọ á fi kọ.

Ojú ènìyàn ńkọ́? Oníbàárà á wá bá ọ, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kí n pupa díẹ̀." Ìwọ á fi ọwọ́ kan bó o láwọ̀. Má rò pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni Kodak ti ń fi fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ sí àwọn láàbù kí wọ́n máa fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ jókòó fún un. Oníṣẹ́ láàbù á máa yí àwọ̀ síwá sẹ́yìn títí awọ Shirley á fi jọ awọ ènìyàn. Bí Shirley bá ti dára, iṣẹ́ parí. Awọ tiwa á wá jẹ́ ohun tó bá jẹ́: eyín àti ẹyinjú funfun nínú òkùnkùn. Àwọn tó ń ta àga àti àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ló pariwo sí Kodak létí, pé igi dúdú àti igi pupa ti di ọ̀kan náà nínú fọ́tò, pé wọn ò mọ ṣokoléètì oníwàrà yàtọ̀ sí èyí tí kò ní wàrà, kí wọ́n tó tún àwọ̀ ilẹ̀ inú fíìmù náà ṣe. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó gbé káàdì kan jáde tí obìnrin aláwọ̀ dúdú bá wọn jókòó nínú rẹ̀. Àga àti ṣokoléètì ló bá wa rojọ́, a ò sì tíì lọ dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sílé àna mi.

Ìyá ìyàwó mi ń ṣe òkú ìyá tiwọn. Àlàárì ni wọ́n ró, àlàárì gidi tó ti wà nínú àpótí kí n tó dáyé. Láyé ọjọ́un, sílíkì pupa tí wọ́n fi ń hun irú rẹ̀, orí ràkúnmí ló ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli wá. Ẹni tó bá rí i wọ̀, kì í ṣe ẹni tí a ń bi ní orúkọ. Mo ya Màmá lórí ìjókòó, mo yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń náwó, mo yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Lóru, lójú kọ̀ǹpútà, àlàárì náà ń jó bí iná. Mo tẹ ogójì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò kọ́kọ́ tẹ pélébé kan dán wò. Bí wọ́n ṣe ń jáde lábẹ́ gílóòbù, mo rí i pé ó ṣe díẹ̀ bákan. Mo sọ fún ara mi pé oorun ló ń kùn mí.

Òótọ́ kan wà nínú irọ́ tí mo pa fún ara mi yẹn. Fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú prínta dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Àwọ̀ ewé ni aṣọ ẹ̀lú máa ń kọ́kọ́ ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ínkì náà máa ń yí díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì yẹ kí a fún un láàyè kí a tó dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kan kò sí tó lè sọ ìdọ̀tí tí mo tẹ̀ yẹn di àlàárì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó wọn lọ. Màmá gba èyí tó wà lókè. Wọn ò wò ó nínú ilé. Wọ́n gbé e jáde sí ojúde, síbi tí oòrùn wà, bí gbogbo obìnrin tó mọ aṣọ ṣe ń ṣe nínú ọjà. Àwọn onítẹ̀wé gbogbo àgbáyé ti fohùn ṣọ̀kan pé ìmọ́lẹ̀ 5000 Kelvin, tó súnmọ́ ti ọ̀sán, ni kí a máa fi wo àwòrán tí a tẹ̀. Wọ́n ń ta àpótí oníná rẹ̀ ní owó gọbọi. Màmá kò ra àpótí. Wọ́n fa etí ìró wọn sókè, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò.

Wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Mo rí i pé èmi ni. Aṣọ ta ni mo wọ̀?"

Ó ti di àwọ̀ kókó. Èèpo iṣu gbígbẹ ló jọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo sáré lọ gbé látóòpù wá, mo ṣí i lójú wọn, mo ní kí wọ́n wá wo bó ṣe pupa tó níbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ yíjú sí i.

"Èmi kì í gbé inú àpótí yẹn," ni wọ́n wí. "Aṣọ mi rèé."

Owó ogójì fọ́tò lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló kù, ó sì ń gbé orí mi títí di òní. Láti ọjọ́ tí mo ti ra prínta ni mo ti ń bá a jà pé kó jọ ojú kọ̀ǹpútà, n kò sì bi ara mi lẹ́ẹ̀kan pé ta ló ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Kò sí oníbàárà kan ní Ìràwọ̀ tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó wá rà á. Aṣọ wà ní ìdí wọn, fọ́tò wà lọ́wọ́ wọn. Láàárín méjèèjì, ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ alárinà lásán, alárinà tèmi sì ti ń parọ́ fún mi láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Àwọn àgbà ayàwòrán ò gbàgbé ẹni tí wọ́n ń tẹ fọ́tò fún. Stephen Sprague, òyìnbó tó kọ nípa fọ́tò Yorùbá ní 1978, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó wà láàyè, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbejì á pé. Dúdú àti funfun ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á.

O ti mọ gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bà á jẹ́ báyìí. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo fẹ́ mọ ohun tí èmi ń ṣe láti ìgbà náà, kò pọ̀. Àwọn òyìnbó ní káàdì aláwọ̀ mẹ́rìnlélógún kan láti 1976, ColorChecker, tí wọ́n máa ń yà ní fọ́tò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò ní i. Mo lọ sí Ìsẹ́yìn, mo ra ọ̀já aṣọ òkè mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ: ẹtù kan, àlàárì kan, sányán kan, mo sì fi bébà funfun kan tì wọ́n. Mo máa ń yà wọ́n, mo máa ń tẹ̀ wọ́n ní kékeré, mo máa ń gbé fọ́tò àti aṣọ jáde sí oòrùn. Sányán ló ń sọ fún mi bí ewé tàbí pupa bá ti yọ́ wọ inú àwọ̀ tó yẹ kó tutù. Àlàárì ń sọ bí pupa bá ti kú. Ẹtù ló le jù. Ó ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ nítorí àmì funfun wínníwínní tó wà lára rẹ̀, bí ojú kọ̀ǹpútà mi bá sì ti mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmì wọ̀nyẹn á ti sọnù nínú fọ́tò: ó wọlé ní ẹyẹ ẹtù, ó jáde ní ìdí ìkòkò.

Ohun tó kù ni ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju màúsì kọ̀ǹpútà lọ. Datacolor ń ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ Spyder, Calibrite náà ń ṣe tirẹ̀. A máa ń gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á máa fi àwọ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á máa kà á, ní ìparí á kọ ìwé àwọ̀ tòótọ́ fún ojú kọ̀ǹpútà náà, á sì gbà á kúrò nínú irọ́. Owó dọ́là ni wọ́n ń tà á, apá ẹnì kan ò ká a. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan lè tún látóòpù gbogbo ayàwòrán tó wà láti Ìràwọ̀ dé Tedé dé Àgọ́-Àrẹ ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tún yípo padà lóṣooṣù.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ èésú rẹ̀. A ti pé mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa dá a, kó wá sí Òwòdé lọ́jọ́ ọjà. Kó gbé látóòpù rẹ̀ dání, kó sì pa Night light rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Bó bá bá Màmá níwájú ilé, kó kí wọn dáadáa, kó má sì dárúkọ fọ́tò.